Omi Tí Bàbá Mi Ń Rí Lójú Fèrèsé

Bí ará Ìbàdàn bá bi màámi pé níbo ni wọ́n ń gbé lókè òkun, Atlanta ni wọn yóò dá a lóhùn. Irọ́ ni. McDonough la ń gbé, ní Henry County, níbi tí ilé ìkẹ́rùsí ti pọ̀ lọ jàra, tí ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá láti ìdájí bí ẹni pé iwájú ilé mi ni gbogbo ẹrù Amẹ́ríkà ń gbà. Láti ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ mi, bóyá ni màámi fi wọ Downtown Atlanta lẹ́ẹ̀mẹta. Irọ́ kékeré tí gbogbo wa ń pa yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ohun kan jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, òun náà ló sì padà tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí.

Ojú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Màámi ní gilakómà. Ojú òsì ti kú kí wọ́n tó dé Amẹ́ríkà. Ti ọ̀tún ló kù, òun náà sì ń ti ẹ̀gbẹ́ ṣókùnkùn bọ̀ wá sí àárín, tó fi jẹ́ pé bí ẹni ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ṣe ń ríran. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, dókítà wò ó títí, ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní òun á ṣe ìwọ̀n tí òun lè ṣe, ṣùgbọ́n bí ohun kan bá wà tí màámi fẹ́ fi ojú rí, kí wọ́n má fi falẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohun tí dókítà ń sọ bó bá sọ̀rọ̀ báyẹn. Nígbà tí a dé inú mọ́tò, n kò lè ṣíná, mo kàn gbá sítíárìn mú, mo ń sunkún.

Màámi ní, "Kí lò ń sunkún sí? Ṣé ojú ẹ ni?"

Ẹkún di ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún, wọ́n ní, "Mo mọ ohun tí mo fẹ́ rí. Mo fẹ́ rí omi bàbá yín."

Mo mọ omi tí wọ́n ń wí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibi iṣẹ́ bàbá mi rán wọn lọ sí Ìtálì fún ọdún méjì, kí wọ́n lọ kọ́ bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ ńláńlá ṣe. Lẹ́tà wọn máa ń pẹ́ lọ́nà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí gbólóhùn yìí kò sí: "Ní àárọ̀, bí mo bá ti ṣí fèrèsé, mo máa ń rí omi rẹpẹtẹ. Mo máa ń kọjú sí omi náà, mo máa ń kí ọ káàárọ̀." Màámi á ka gbogbo lẹ́tà náà sókè fún wa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ibẹ̀ yẹn, ohùn wọn á lọ sílẹ̀, wọ́n á kà á fún ara wọn nìkan.

Àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń bá wa gbé nígbà náà kò gba ọ̀rọ̀ omi yìí gbọ́. Á na imú sókè, á ní, "Omi wo? Òyìnbó obìnrin ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò lójú fèrèsé, kì í ṣe omi." Gbogbo agbo ilé á rẹ́rìn-ín. Màámi náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí bàbá mi dé, àpótí kan àti kóòtù tó nípọn kan ni wọ́n gbé dé, kò sí òyìnbó kankan lẹ́yìn wọn. Àwọn àti màámi jọ gbé fún nǹkan bí ogójì ọdún kí bàbá tó sinmi. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tí wọ́n wà ní Ìtálì, bàbá á ní, "Perugia ni." Torí náà, gbogbo wa mọ̀ pé Perugia ni.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi ní ohun tí mo lè wò lórí fóònù. Ìwà mi nìyẹn, ọkọ mi ti pariwo rẹ̀ tì. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí mo ní off, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo gba òtẹ́ẹ̀lì ní àárín Perugia, mo tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, mo sì fi pínnì há a pọ̀. Oṣù karùn-ún la máa lọ. Mo wá wa mọ́tò lọ sí Norcross, ní òdìkejì Atlanta, lọ ra gààrí, nítorí màámi kò lè jẹ oúnjẹ òyìnbó fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

Ọ́ńkù tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra gààrí, Ìtálì ló ti wá sí Amẹ́ríkà. Ó lo ọdún méjìlá níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé Perugia là ń lọ, inú rẹ̀ dùn, ó bi mí pé, "Perugia wo, Àǹtí? Ìlú ni, àbí ẹkùn?"

Mo ní, "Perugia ni Perugia, Ọ́ńkù."

"Ó tì o." Ó gbé páálí sadíìnì kan sórí káńtà. "Ẹ wò ó. Ìtálì ní ogún ìpínlẹ̀, regione ni wọ́n ń pè é. Páálí yìí ni ìpínlẹ̀. Umbria lorúkọ tiyín." Ó fa páálí ya, ó yọ agolo kan. "Inú ìpínlẹ̀ ni ẹkùn wà, provincia nìyẹn. Agolo yìí ni ẹkùn Perugia." Ó wá fi ìka kan agolo náà kó-kó-kó. "Inú agolo ńkọ́? Ṣé ẹja kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ ni? Ẹja kọ̀ọ̀kan ni comune, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, kálukú pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Ẹja tó tóbi jù nínú wọn ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe agolo. Ẹni tó ní Perugia lòun wà lè máa gbé níbi tó jìnnà sí Perugia bí ibí ṣe jìnnà sí ilé yín."

Ọkùnrin kan ti dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú iṣu mẹ́ta lọ́wọ́. Mo ní, "Ọ́ńkù, gààrí ni mo wá rà, kì í ṣe jọ́gíráfì." Ó rẹ́rìn-ín, ó dá sadíìnì padà sínú páálí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọgbọ́n tèmi ni mò ń lò.

Nígbà tó kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká lọ, mo gbé máàpù Perugia sójú tẹlifíṣọ̀n kí màámi lè rí i. Wọ́n gbé àga wọn súnmọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Mo ń fi hàn wọ́n: ṣọ́ọ̀ṣì ńlá rèé, òtẹ́ẹ̀lì wa rèé, orí òkè ni gbogbo ìlú náà wà.

Wọ́n ní, "Omi náà dà?"

Mo yí máàpù sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ilé lórí ilé, òkè lórí òkè. Mo kàn la ẹnu mi tí kì í sinmi yìí, mo ní, "Màámi, kò sí omi níbí yìí o. Ó ní láti jẹ́ pé bàbá kàn ń fi ọ̀rọ̀ dárà ni."

"Kò sí rárá?"

"Kò sí, mà."

Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ tọ ògiri lọ sí yàrá wọn, tíì wọn sì wà lórí tábìlì títí ó fi tutù. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Ní ọjọ́ Sunday, nígbà tí à ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọjú sí fèrèsé mọ́tò, wọ́n ní, "Bí omi ò bá sí, kí ló tún wà tí kò sí?"

Yéè! Ẹyin lohùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Gbogbo ẹ̀rín tí ará agbo ilé rín nígbà náà lórí òyìnbó obìnrin, màámi ti fi ọdún tó lé ní àádọ́ta gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi ọmọ bíbí inú wọn ni mo lọ fà á jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé wótòwótò, pé ó lè jẹ́ odò kékeré kan, pé àwọn òyìnbó lè ti dí i. Wọ́n ní kí n wo iwájú mi kí n máa wa mọ́tò.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n fagi lé ìrìn àjò náà. "Ojú tó kù yìí, kí n fi máa wo ẹ̀yin ọmọ mi," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, láìbínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣì rò ó. N kò fagi lé nǹkan kan, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí màá ṣe. Mo máa ń jí láàárín oorun, mo máa ń bi bàbá mi nínú ọkàn pé, bàbá, níbo lẹ wà gan-an?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àbúrò bàbá mi pè láti Ìbàdàn. Àgbà ti dé sí òun náà báyìí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì lè jí òkú. Mò ń fọ abọ́, fóònù màámi sì wà lórí tábìlì, ó ń ké tantan.

"Ìyàwó! Atlanta ńkọ́?"

"Atlanta wà, a dúpẹ́."

"Ṣé òtútù ò pa yín ní Atlanta?"

"Atlanta ti ń móoru."

Nígbà tí wọ́n parí, mo fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti wọ ilé wa gbẹ̀yìn. Mo ní, "Màámi, McDonough lẹ wà o. Ọlọ́run ń gbọ́."

Wọ́n pòṣé. "Kí ni kí n sọ? Ta ló mọ McDonough ní Ìbàdàn? Kí n wá jókòó máa ṣàlàyé Henry County fún un? Ìlú tí èèyàn bá mọ̀ la ń sọ fún èèyàn."

Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe. Èmi náà, bí aláìsàn bá bi mí ní ọsibítù pé níbo ni mo ti wá, Ìbàdàn ni mo máa ń wí, nígbà tó jẹ́ pé abúlé bàbá mi, wọn kì í fi í sínú máàpù. A kì í ṣe é láti tan ẹnikẹ́ni. A ń ṣe é kí ẹni tó béèrè má baà máa wò wá bọ̀ọ̀ ni. Ohun tí mò ń rò nìyí nígbà tí ọwọ́ mi dúró nínú omi ọṣẹ, tí ọ̀rọ̀ Ọ́ńkù Norcross padà wá sí mi létí. Perugia wo, Àǹtí?

Mo nu ọwọ́ mọ́ aṣọ mi. "Màámi, àdírẹ́sì tí bàbá fi ń kọ lẹ́tà ńkọ́?"

"Perugia ni wọ́n ń kọ sókè lẹ́tà. Ẹ̀yìn àpòòwé ni àdírẹ́sì gan-an máa ń wà, ibẹ̀ ni mo ti ń dà á kọ nígbà náà, n kò rántí rẹ̀ mọ́."

"Àpòòwé wọn dà?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé. "Ta ló gé àpòòwé? Ṣé kì í ṣe ìwọ ni?"

Ẹgba ọjọ́ náà, ara mi ò tíì gbàgbé. Èmi ni mo fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo àpòòwé bàbá mi wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí n lè rí sítáǹpù lẹ̀ mọ́ ìwé. Nígbà tí mo ṣe tán, mo sọ ìyókù sínú iná. Màámi lù mí, àwọn náà sì ń sunkún bí wọ́n ti ń lù mí.

Mo ní, "Ìwé sítáǹpù yẹn ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpótí mi. Ṣé kí n sọ nǹkan bàbá yín nù ni?"

Wọ́n ti gbé e láti Ìbàdàn wá sí McDonough. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, gọ́ọ̀mù ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lórí rẹ̀. Ọmọdé kò mọ sísọ́ọ̀sì í lò, torí náà mo gé àwọn sítáǹpù náà gbàgẹ̀rẹ̀, òǹtẹ̀ róbótó tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù mọ́ wọn sì kù lára púpọ̀ nínú wọn. Mo fi fóònù mi sọ ọ̀kan di ńlá. Mo rí PERUGIA, bí mo ṣe ń rí i láti kékeré, ṣùgbọ́n inú àkámọ́ ló wà. Ṣáájú àkámọ́ náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn wà, ọ̀rọ̀ tí n kò kà rí nítorí kò sẹ́ni tó ń pè é nílé wa. Mo ṣí ojú ewé kejì, òun náà ni. Ẹ̀kẹta, òun náà ni. Passignano.

Ọ́ńkù Norcross ni mo kọ́kọ́ pè. Mo ka ohun tó wà lára òǹtẹ̀ fún un. Ó ní, "Àǹtí, inú àkámọ́ ni ẹkùn. Ohun tó wà níta àkámọ́ ni ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé. Àbí n kò sọ fún yín?"

"Ẹ sọ fún mi, Ọ́ńkù. Ẹ má bínú." Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi béèrè gààrí.

Mo gbé máàpù sójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá Passignano, mo rí i létí adágún omi kan tó tẹ́ lọ salalu, tó gba ìdajì gíláàsì. Mo pe màámi. Wọ́n gbé àga wọn wá, wọ́n gbé ojú ọ̀tún wọn sún mọ́ ọn.

"Kí ni búlúù yìí?"

"Omi ni, Màámi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì náà. Lẹ́yìn náà, ejìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. "Ó dára," wọ́n ní, "ta ló mọ Passignano ní Ìbàdàn?" Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú sí mi. Wọ́n ní bàbá mi ni kí n bẹ̀, bàbá mi ni mo pè ní òpùrọ́. Mo bẹ bàbá mi níbẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo pa òtẹ́ẹ̀lì Perugia rẹ́, mo gba yàrá kan létí omi náà.

N kò ní sọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà lọ títí. Wíwọ ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú arúgbó àti gààrí, Ọlọ́run ló ń kó ni yọ. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé Passignano, màámi kò sì rí nǹkan kan. Wọ́n kàn ń gbóòórùn. Wọ́n ní omi wà nítòsí, àwọn mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá wọn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n ti to ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣí fèrèsé. Oòrùn ti tàn kárí, adágún náà sì ń dán láti etí ilé wa lọ títí dé ibi tí ojú tèmi fúnra mi kò lè tó. N kò mọ ilé tí bàbá mi gbé. Ó lè jẹ́ èyí tó wà lọ́tùn-ún wa, ó lè jẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn. Màámi kò béèrè. Wọ́n ní kí n gbé àwọn súnmọ́ ọn.

Wọ́n wò ó pẹ́. "Ó ń dán," wọ́n ní. "Wọn ò sọ fún mi pé ó máa ń dán."

Wọ́n di igi fèrèsé mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ṣubú, mo sáré gbá wọn mú. Wọ́n já ọwọ́ mi dà nù. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn, kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán ní ìlú òyìnbó, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," wọ́n ní. "Gbogbo èyí tí ẹ ti ń kí mi, mo gbọ́. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó dáhùn."

Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà, mo lọ sunkún tèmi.

Ojú ọ̀tún náà ti lọ báyìí. Ọdún tuntun kò tíì wọlé tó fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Ní àárọ̀, wọ́n á ní kí n ṣí fèrèsé yàrá wọn. Gáréèjì aládùúgbò ló wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọjú síbẹ̀, wọ́n á kí ẹni tí wọ́n fẹ́ kí, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí n gbé tíì wá.

Ní Saturday tó kọjá, àbúrò bàbá mi tún pè. "Ìyàwó! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún mi pé ẹ dé Ìtálì. Ṣé omi wà níbẹ̀ ni?"

"Omi wà níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tí arábìnrin yìí sọ: "Mo ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kì í parọ́." Màámi fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. "Atlanta wá ńkọ́?" ló tún béèrè.

"N kò sí ní Atlanta," màámi dá a lóhùn. "McDonough ni mo wà. Henry County, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Mú bírò."

"Bírò kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi bírò ṣe?"

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹnìkan á máa wá fèrèsé mi."